Ó Pa Fíìmù Mọ́, Ó Pa Ìran Rẹ́

Akínkúnmi fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí òun bá fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́, òun mọ ara òun, òun á tún bù mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Ibi méjì ló ti bẹ̀ mí pé kí n dín in kù. N kò dín in kù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí Ọjà Igbó, níbi tó ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń kó fíìmù sínú fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àti lọ́jọ́rú, òun ni olùtọ́jú ohùn ní ìjọ Aládùúrà kan tí a ó máa pè ní Òkè Ìtùnú, nítorí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an kì í ṣe ti ìwé ìròyìn.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Òkè Ìtùnú, kó gbọ́. Bí Ẹ̀mí bá gbé aríran, tó ń sọ̀rọ̀, aríran náà kì í mọ ohun tó ń sọ. Bó bá jí tán, àwọn tó gbọ́ ọ ló máa sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń ní akọ̀wé ìran. Láyé àtijọ́, bàbá kan ló máa ń jókòó ti aríran pẹ̀lú ìwé gígùn àti bírò, tí yóò máa kọ ohun tí Ẹ̀mí bá wí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á wá gbọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ káàkiri. Òfin wọn ni: a kì í gbé ìran oníran rìn.

Aríran tí Ẹ̀mí máa ń gbé jù ni Ìyá Ìmísí, tó ń ta ata gígún ní Ọjà Igbó. Kò mọ̀wé. Bí Ẹ̀mí bá dé, á ṣubú lulẹ̀ gbì lórí orúnkún méjèèjì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bàbá akọ̀wé kú ní 2016, Akínkúnmi dìde níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ikán ń jẹ ìwé. Ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọ́n ra àpótí dísìkì. Wọ́n tún ra dísìkì kékeré kan lọ́tọ̀, tí kò ju ìwé orin lọ, wọ́n ní kó máa fi ẹ̀dà gbogbo ìran pamọ́ sínú rẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kọ ìran sínú ìwé mọ́.

Saifudeen ló bá wọn to àpótí náà. Ọ̀rẹ́ Akínkúnmi ni, ọmọ alfa kan ní Ọ̀yọ́, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Dísìkì méjì ló wà nínú àpótí. Ohun tó bá wọ inú ọ̀kan ló ń wọ inú èkejì. Saifudeen sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́yìndé, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí wọn lára.

"Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dúró," Saifudeen ní. "Ṣùgbọ́n Akin, gbọ́ o. Bí o bá pàṣẹ pé kí wọ́n pa nǹkan rẹ́, àwọn méjèèjì ló máa gbọ́ àṣẹ náà. Ìbejì kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀dà ni èyí tó bá wà níbòmíràn."

"Mo ti gbọ́," Akínkúnmi ní.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹ ó rí bó ṣe gbọ́ ọ.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àpótí náà kún. Ìran ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rin, pẹ̀lú fídíò ìkórè àti ti ìpàgọ́. Akínkúnmi pe Saifudeen.

"A lè so Táyé àti Kẹ́yìndé pọ̀, kí wọ́n di ọ̀kan gbàǹgbà," Saifudeen ní. "Àyè á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú wọn ló máa lọ. Torí náà, kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú dísìkì ìta. Tó o bá kó o tán, ṣí i, gbọ́ mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, kó o fi etí ara rẹ gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó fọwọ́ kan àpótí."

"Kíkó náà máa pẹ́ tó?"

"Ọjọ́ kan ààbọ̀. Bó pẹ́ títí, ọjọ́ méjì."

Ibi tí ìdánwò ti wọlé nìyí. Dísìkì ìta tí ìjọ rà kò ṣófo. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Akínkúnmi ti ń kó fíìmù sínú rẹ̀. Igba fíìmù ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀: ti Yorùbá, ti Íńdíà, ti Kòríà tó ní apá mẹ́rìndínlógún. Òun ló fi ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sì sí ẹ̀dà ìran kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ kó ìran sínú rẹ̀, fíìmù ní láti kúrò.

Ó gbé dísìkì náà sórí tábìlì, ó ń wò ó.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fíìmù kò ní ibòmíràn tó wà, ṣùgbọ́n ibi méjì ni ìran wà. Bí Táyé bá ṣófo, Kẹ́yìndé á gbé e dúró.

Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló pàṣẹ kí Táyé àti Kẹ́yìndé di ọ̀kan, lẹ́yìn tó jẹun tán. Àpótí náà bi í ní ìbéèrè kan, ìlà méje. Ó ka ìlà kìíní, ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí tún un bi. Ó tún tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí òun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ta ló ń ka nǹkan wọ̀nyẹn tán láyé yìí?

Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, àpótí jí. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó mọ́, ó ṣófo, bíi yàrá tí ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú rẹ̀.

Akínkúnmi rò pé àwọn ìran náà fara pamọ́ ni. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àpótí náà lórí, ó sì fi orúkọ Jésù pàṣẹ fún un. Àpótí ń kùn jẹ́jẹ́. Àyè tó wà nínú rẹ̀ kò dín. (Èyí ni ibi kìíní tó ní kí n dín kù.)

Ó pe Saifudeen.

"Oníbàárà mi kan ni o," ó ní. "Ó ṣèèṣì pa gbogbo nǹkan inú dísìkì rẹ̀ rẹ́."

"Sùbúhánàlláhì! Sọ fún oníbàárà rẹ pé kó má kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́. Kó pa á, kó gbé e wá bá mi lónìí. Ohun tí a pa rẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀. Èyí tí a bá wá kọ lé e lórí ló ń pa á pátápátá."

"Màá sọ fún un."

"Ṣé kì í ṣe àpótí ìjọ yín?"

"Rárá o!"

"Àlùhàmúdùlíláhì."

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò jìn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ká ní ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò bá tí rí nǹkan kọ fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e lọ, Saifudeen á mọ̀. Ojú ń tì í. Ó ní òun á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, ó tún ní èyí tó ń bọ̀. Àyè ńlá náà sì wà níbẹ̀ lófìfo. Kó tó di òpin oṣù kejì, ó ti kó gbogbo fíìmù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó tún wa tuntun kún un. Dísìkì ìta wá ṣófo nígbà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi sínú rẹ̀ mọ́.

Bàbá Emmanuel ló kọ́kọ́ béèrè. Dírẹ́bà ni, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ló ń ná.

"Akin," ó ní, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, "wọ́n ní Ẹ̀mí sọ nǹkan nípa mi lọ́dún kẹta, nígbà tí mo rìnrìn àjò. N kò tíì gbọ́ ọ. Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Akínkúnmi la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ó ní òun là á lóòótọ́.

"Bàbá, ohùn ẹ̀rọ ń ha díẹ̀," ni ohun tó jáde. "Màá kọ ọ́ sínú ìwé fún yín."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ronú, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó ní orúkọ ìjọ lókè, ó fi déètì sí i: *Ọmọ mi, ṣọ́ra fún irin. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.* Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ni òun wá.

Dírẹ́bà ni bàbá náà. Irin ni ọkọ̀, irin ni gíà, irin ni gbogbo ohun tó fi ń jẹun. Ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń jókòó síwájú ilé, ọwọ́ ló sì fi ń jẹ ìrẹsì, kò fọwọ́ kan ṣíbí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Akínkúnmi.

"Bùrọ̀dá Akin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìran náà kò ní àfikún?"

Ó ní àfikún. Wákàtí kan péré ló gbà á láti tẹ̀ ẹ́: *Irin tó ní táyà kò sí lára rẹ̀.*

Bàbá Emmanuel padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń yin Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀ pé Akínkúnmi ti ń kọ ìran sínú ìwé, pé ó mọ́ tónítóní, pé èèyàn lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wọ́n ń wá. Kó tó di oṣù kọkànlá, ó ti kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní ni ti Olúyẹ́misí.

Opó ni Olúyẹ́misí, ẹni ọdún méjìdínlógójì. Ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ ìjọ Òkè Ìtùnú ni láti kékeré, ó sì máa ń wá láti Ọ̀yọ́ lóṣooṣù. Ní oṣù kẹrin, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Akínkúnmi lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùrọ̀dá Akin."

"Ẹ káàbọ̀, Sístà Yẹ́misí. Ẹ kú ìrìn."

Ó jókòó. Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

"Ẹ rántí pé ní 2022, lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, Ẹ̀mí dárúkọ mi lọ́jọ́rú kan tí mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá gbọ́ ọ. Mi ò wá. Inú ń bí mi nígbà yẹn. Mo ní Ẹni tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, kí ló tún fẹ́ bá mi sọ?"

"Mo rántí, mà."

"Ọkùnrin kan wà báyìí. Ọlọ́runtóbi lorúkọ rẹ̀. Ó ń dáko ní Ìkòyí-Ilé. Ó wá ra òwú tí wọ́n fi ń rán àpò lọ́wọ́ mi, kò sì dẹ́kun àtimáa wá láti ìgbà náà. Àpò mélòó ni àgbẹ̀ kan fẹ́ rán?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ó ní kí n dá òun lóhùn kí òjò ọdún yìí tó dá. Ọkàn mi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ tún sin ọkọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run sọ nígbà yẹn kí n tó dá a lóhùn."

Akínkúnmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́rú yẹn ní 2022. Òun ló tẹ ẹ̀rọ. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù ló gbájú mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gba ohùn Ìyá Ìmísí sílẹ̀, kò tíì gbọ́ ọ̀kan dópin rí. Àwọn ìyá méjì ló tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ti kú. Ó lọ fi ọgbọ́n bi èkejì. Ìyá yẹn ní a kì í gbé ìran oníran rìn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ilẹ̀kùn, àbí fèrèsé.

Ó ronú rẹ̀ báyìí: bí òun bá ní kó lọ, tí kò dára, á padà wá. Bí òun bá ní kó má lọ, á sunkún, á béèrè ìdí. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró kì í padà wá béèrè nǹkan kan.

*Ọmọ mi, dúró. Má kánjú. Gbàdúrà ní ìgbà mẹ́ta láàárọ̀ àti ìgbà mẹ́ta nírọ̀lẹ́, títí ọdún yóò fi yí po.*

Olúyẹ́misí kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà.

"Kí n dúró," ó ní. Ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá Akin. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà."

Òjò rọ̀ títí, ó dá. Ọlọ́runtóbi wá sí Akẹ̀sán títí di oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, kò wá mọ́. Ní oṣù kọkànlá, ó gbé ìyàwó ní Ìkòyí-Ilé.

Olúyẹ́misí fúnra rẹ̀ ló sọ fún Akínkúnmi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ.

"Ó ti gbéyàwó," ó ní. "Ọlọ́run ló mọ ewu tó rí tó fi ní kí n dúró."

Akínkúnmi kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òtítọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́ ni, òun kò sì fẹ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà á. (Ibi kejì nìyẹn.)

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Akínkúnmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, ní agogo méjìlá ọ̀sán, ìsìn ìdúpẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri wà ní títàn. Wòlíì Ọládépò ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú. Bàbá Emmanuel dìde, ó mú ìwé rẹ̀ dání, ó ti fi ike bò ó.

"Báyìí ni Ẹ̀mí wí láti ẹnu Ìyá Ìmísí," ó kà á sókè. "'Ọmọ mi, ṣọ́ra fún irin.'"

Ìyá Ìmísí gbé ọwọ́ sókè látẹ̀yìn.

"Ẹ dákun, ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà."

"'Ọmọ mi...'"

"Ó tó." Ìyá náà dìde. "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ìjọ. Nígbàkigbà tí mo bá jí nílẹ̀, ṣebí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, 'Ìyá, ó tún fi orúkọ ìyá mi pè mí'? Ṣé ó ti pe ẹnìkan ní 'ọmọ mi' rí?"

Ìyá àgbà kan ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ní orúkọ ìyá ni, ìgbà gbogbo. Bàbá Emmanuel ń wo ìwé rẹ̀.

"Orúkọ ìyá mi kò sí níbí," ó ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́," Ìyá Ìmísí ní. "Ẹ̀rọ kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni."

"Akínkúnmi," Wòlíì Ọládépò ní, "tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́."

Ó fẹ́ sọ pé kò sí iná. Iná wà. Ó fẹ́ sọ pé àpótí kò sí níbẹ̀. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí i, kò mọ ìgbà tó ṣí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sára ògiri, gàdàgbà gàdàgbà, lójú gbogbo ìjọ.

Bàbá Emmanuel wọ awò ojú rẹ̀.

"'Apá kìíní,'" ó kà á. "'Apá kejì. Apá kẹta. Apá kẹrin.' Ṣé bí wọ́n ṣe ń to ìran nìyí?"

Ìmísí, ọmọ aríran náà, tó wà láàárín àwọn akọrin, ló dá a lóhùn.

"Fíìmù ni, Bàbá. Ti Kòríà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìmísí rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀, ó dúró níwájú Akínkúnmi.

"Níbo ni ohùn mi wà?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní níbo ni ohùn mi wà? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń ṣubú nínú ilé yìí, orúnkún mi ti bàjẹ́. N kò mọ ohun tí mo sọ. N kò gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò burú, ó wà lọ́wọ́ Akin."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí dísìkì ìta títí dé orí irin tó ní táyà.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn tó kọ ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà fún lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbà á padà, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Ó gba mẹ́rìnlélógún. Ìyàwó Bàbá Emmanuel kọ̀, kò fún un ní ìwé tàbí àfikún. Ó ní irọ́ ni o, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ òun ti ń bẹ̀rù irin, kì í sá eré àsápajúdé mọ́.

Ìwé Olúyẹ́misí ló gbà kẹ́yìn. Ó bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Akẹ̀sán, ó ń ka bọ́tìnnì fún télọ̀ kan. Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ọjà, ó sọ ọ́ tán. Olúyẹ́misí ka bọ́tìnnì méjìlá pé, ó dì í, ó fún télọ̀. Nígbà tí télọ̀ lọ tán, ó wojú rẹ̀.

"Ta ló ní kí n dúró?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ."

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń pè é ní ẹ̀yin. Ó fa ìwé náà yọ nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Ibẹ̀ ni Akínkúnmi ti gbé àpótí lọ bá Saifudeen. Saifudeen wo orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí Táyé àti Kẹ́yìndé lára.

"Ṣé oníbàárà rẹ nìyí?"

Akínkúnmi dorí kodò.

"Kí lo kọ lé e lórí?"

"Fíìmù."

"Mélòó?"

"Ó ti di irínwó báyìí."

Saifudeen kò bú u. Ó ní kó fi àpótí sílẹ̀, kó máa lọ, nítorí bó bá jókòó síbẹ̀, òun á bú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wá abẹ́ àwọn fíìmù náà. Nínú ohùn tó lé ní ẹgbẹ̀rin, méjìdínlọ́gọ́ta ló rí gbé jáde, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú Kẹ́yìndé. Kò sí orúkọ lára wọn, kò sí déètì. Ó ní láti máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ti ta ni. Bí Saifudeen ọmọ alfa ṣe jókòó gbọ́ ìran Aládùúrà méjìdínlọ́gọ́ta nìyẹn, ó ń kọ orúkọ ìyá oníkálukú sílẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ láyé tó jókòó gbọ́ gbogbo wọn délẹ̀.

Nígbà tó dé orí ìkọkàndínlógójì, ó pe Akínkúnmi.

"Akin, Yẹ́misí tó o sọ fún mi yẹn, èyí tó ń ta òwú ní Akẹ̀sán, kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ẹ ń retí ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ Saifudeen ni ẹ̀kọ́ náà, n kò ní òmíràn: kí ẹ tó tú ibi tí nǹkan wà palẹ̀, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ ẹ̀dà náà. Akínkúnmi ti mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́jọ́ kẹta sí ìpè yẹn, ó ti ṣe ẹ̀dà méjìdínlọ́gọ́ta náà ní mẹ́ta mẹ́ta, ó sì ti gbọ́ gbogbo wọn tán, ti Olúyẹ́misí nìkan ni kò gbọ́. A kì í gbé ìran oníran rìn.

Lẹ́yìn náà ló lọ pe Olúyẹ́misí wá láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó wá. Ó jókòó sórí àga Saifudeen, kò wo ojú Akínkúnmi. Saifudeen tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ariwo gbì kan, ohùn Ìyá Ìmísí jáde, ó ń mí gúlegúle.

"Yẹ́misí, ọmọ Àṣàkẹ́. Ẹ sọ fún Yẹ́misí ọmọ Àṣàkẹ́ pé mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Bó ṣe ń bínú sí mi yẹn, kò burú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, tó bá wá bá a nídìí ọjà rẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn fún un. Kó má wá bi mí. Mo ti dá a lóhùn."

Ó parí síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe fèrèsé.

Saifudeen mú kẹ́tùlù, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Kò tíì tó àkókò ìrun kankan.

Olúyẹ́misí ní kí Akínkúnmi tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ìbòrí nu ojú rẹ̀, ó sì jókòó dáadáa.

"Ẹ̀dà mélòó lo ti ṣe?"

"Mẹ́ta, mà. Ọ̀kan wà níbí, ọ̀kan wà ní ìjọ, ọ̀kan wà nílé Wòlíì."

"O ti wá mọ̀ ọ́n ṣe."

Akínkúnmi sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Pa á rẹ́," Olúyẹ́misí ní. "Tibí yìí lákọ̀ọ́kọ́. Bó o bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó o pa méjì tó kù."

"Sístà Yẹ́misí..."

"Kí n máa gbọ́ ọ kí n máa fi wo ilé onílé ní Ìkòyí-Ilé? Mo ti gbọ́ ọ. Èmi ni wọ́n rán an sí. Pa á rẹ́."

Akínkúnmi gbé ọwọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí ohun tó fẹ́ pa rẹ́ yìí kò ní ṣeé rí gbà padà mọ́. Akínkúnmi ka ìbéèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún un kà. Ó gbé ojú sókè wo Olúyẹ́misí.

"Kí lo tún ń dúró dè?" Olúyẹ́misí ní.